Àmì tó ń fi àrùn hàn àti àmì tó ń tọ́ka ìrìn rẹ̀: ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àyẹ̀wò ẹndomẹtiríósì

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìbéèrè kan tó wà láàárín ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Tí dókítà bá sọ fún obìnrin kan pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi àmì kan hàn, kí ni àmì náà ń sọ gan-an? Ṣé ó ń sọ pé àrùn wà lára rẹ̀ lónìí ni, àbí ó ń sọ bí àrùn náà yóò ṣe rí ní ọdún márùn-ún sí i? Èdè Faransé tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi lọ sí ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ohun méjèèjì: marqueur diagnostique àti marqueur pronostique. Nínú Yorùbá tí à ń sọ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àmì, ló sábà máa ń ru ẹrù méjèèjì.

Mo bá ìṣòro yìí pàdé nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi, èyí tó jẹ mọ́ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ìlera láti inú èdè Faransé wá sínú èdè Yorùbá. Mo yan àrùn tí wọ́n ń pè ní endométriose ní ilé ìwòsàn wa, tí n ó máa kọ ní ẹndomẹtiríósì, nítorí pé ọ̀rọ̀ àmì pọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀ lásìkò yìí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn jẹ́ méjì. Èkíní ni pé títí di òní, kò sí àmì kankan nínú ẹ̀jẹ̀, nínú itọ́ tàbí nínú ìtọ̀ tí ẹ̀rí tó tó ti fi hàn pé ó lè sọ bí ẹndomẹtiríósì yóò ṣe rìn lára obìnrin kan. Èkejì ni pé ọ̀nà tí a ń gbà túmọ̀ lè mú kí obìnrin náà gbà pé irú àmì bẹ́ẹ̀ wà.

2. Àrùn náà ní ṣókí

Awọ kan wà tó tẹ́ inú ilé ọmọ. Lóṣooṣù ni awọ yìí máa ń nípọn, tí oyún kò bá sì dúró, yóò já bọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù. Nínú ẹndomẹtiríósì, ẹran ara tó jọ awọ yìí ni ó ń hù níta ilé ọmọ: níbi tí ẹyin obìnrin ń gbé, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun, tàbí lára àpò ìtọ̀. Ẹran ara yìí ń gbọ́ ohùn họ́mọ̀nù bí awọ inú ilé ọmọ ṣe ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde. Ibi tó wà yóò máa wú, yóò máa gbóná, yóò sì máa di àpá, títí àwọn ẹ̀yà ara tí kò yẹ kó kan ara wọn yóò fi lẹ̀ mọ́ra. Ohun tí obìnrin ń rí ni ìrora líle nígbà nǹkan oṣù, ìrora nígbà ìbálòpọ̀ tàbí nígbà ìgbẹ́, àti nígbà mìíràn, àìrí oyún. Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) fojú díwọ̀n pé ó kan nǹkan bí 10 % àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 190 káàkiri ayé.

Orúkọ àrùn náà fúnra rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí wa. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, John A. Sampson, ló sọ ọ́ di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1920. A fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì kọ́ ọ: endon, tó túmọ̀ sí inú, metra, tó túmọ̀ sí ilé ọmọ, àti -osis, tí a ń fi kún orúkọ àrùn. Orúkọ náà sọ ohun tí ẹran ara ọ̀hún jọ, kò sọ ibi tó wà. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò pe àrùn tó wà níta ilé ọmọ ní àrùn inú ilé ọmọ. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò, pẹ̀lú àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láàárín wa, inú rírun ni orúkọ tí ìrora yìí ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dára fún ìrora, ṣùgbọ́n ó kó ohun púpọ̀ jọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrora kékeré tó ń bá nǹkan oṣù rìn títí dé orí àrùn tó yẹ kí a wá ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan sì wà tí a máa ń fi tẹ̀lé e: «Tí o bá ti bímọ, á lọ.» Gbólóhùn yìí kì í ṣe ìtùnú lásán. Ó ń sọ bí àrùn yóò ṣe rìn. A ti ní ìsọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú àrùn nínú èdè wa tipẹ́tipẹ́, kí ilé àyẹ̀wò tó dé. Ṣùgbọ́n kò tọ̀nà fún ẹndomẹtiríósì: ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìbímọ ti Yúróòpù, ESHRE, gbé jáde ní 2022 sọ pé kí dókítà má ṣe gba obìnrin nímọ̀ràn pé kó lóyún kí àrùn náà lè lọ, nítorí pé oyún kì í fìgbà gbogbo dín in kù.

3. Irú àmì mẹ́ta

Ní 2016, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà méjì, FDA àti NIH, gbé àkójọ ọ̀rọ̀ kan jáde tí wọ́n ń pè ní BEST. Nínú rẹ̀, àmì inú ara ni ohun tí a lè wọ̀n tó ń jẹ́ ká mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní àlàáfíà, bí àrùn ṣe ń ṣiṣẹ́, tàbí bí ara ṣe dáhùn sí ìtọ́jú. Wọ́n pín in sí oríṣi méje. Mẹ́ta nínú wọn ló kàn wá níbí:

(a) Àmì tó ń fi àrùn hàn. Ó ń dáhùn ìbéèrè pé: ṣé àrùn náà wà àbí kò sí?

(b) Àmì tó ń tọ́ka ìrìn àrùn. Láàárín àwọn tí a ti mọ̀ pé wọ́n ní àrùn náà, ta ni ó ṣeé ṣe jù kí tirẹ̀ le sí i, tàbí kí ó padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

(d) Àmì tó ń tọ́ka ìṣiṣẹ́ oògùn. Ta ni ó ṣeé ṣe jù kí oògùn kan pàtó ràn lọ́wọ́?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka Charles Sanders Peirce mọ̀ pé èéfín jẹ́ atọ́ka iná: ohun kan fa òmíràn, nípa bẹ́ẹ̀ ni èkejì fi ń tọ́ka sí èkíní. Ẹni tó bá rí èéfín lókè oko nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé iná wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín náà kò sọ fún un bóyá iná yóò dé ìdí àká rẹ̀. Kó tó lè mọ ìyẹn, ó ní láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, bí koríko ṣe gbẹ tó, àti bóyá odò wà láàárín. Èéfín jẹ́ àmì oríṣi (a). Ohun tí onílé ń wá ni oríṣi (b).

Ọ̀nà tí a ń gbà wádìí wọn náà yàtọ̀. Fún oríṣi (a), a lè gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní àrùn àti ti àwọn tí kò ní in ní ọjọ́ kan náà, kí a fi wọ́n wé ara wọn. Fún oríṣi (b), a ní láti wọn àmì náà lónìí, kí a tẹ̀lé àwọn obìnrin náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí a tó lè sọ bóyá ohun tí a wọ̀n ní ìtumọ̀ kankan. Èyí ń gba owó àti sùúrù. Ìdí nìyí tí ìwádìí oríṣi (a) fi pọ̀ ju ti (b) lọ fíìfíì.

4. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ti sọ

Àmì tí wọ́n tíì yẹ̀ wò jù ni CA-125, purotéènì kan tí Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àwárí rẹ̀ ní 1981 nígbà tí wọ́n ń wádìí jẹjẹrẹ ibi tí ẹyin ń gbé. 35 ni ààlà tí wọ́n sábà máa ń lò nínú ìwọ̀n mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹndomẹtiríósì lè gbé e sókè. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù lè gbé e sókè, oyún lè gbé e sókè, ìju lè gbé e sókè, àrùn ẹ̀dọ̀ sì lè gbé e sókè. Àwọn obìnrin mìíràn sì wà tí wọ́n ní ẹndomẹtiríósì tí tiwọn kò sì kọjá ààlà.

Ní 2016, Vicki Nisenblat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 141 jọ fún ẹgbẹ́ Cochrane. Obìnrin 15 141 ló wà nínú wọn, àmì inú ẹ̀jẹ̀ 122 ni wọ́n sì yẹ̀ wò. Wọn kò rí ẹyọ kan tó dára tó láti lò ní ilé ìwòsàn. Ìlànà ESHRE ti 2022 gbà bẹ́ẹ̀: kí dókítà má ṣe fi àmì inú ẹ̀jẹ̀ dá àrùn yìí mọ̀. Ìlànà yẹn kan náà gbé ekografí àti IRM ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ abẹ, níbi tí a ti ń ki ẹ̀rọ tín-ín-rín oníkámẹ́rà bọ inú ikùn, kò sì tún jẹ́ òpin ẹ̀rí fún gbogbo ènìyàn mọ́.

Lọ́dún yẹn náà ni Sofiane Bendifallah àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé gbé èsì àyẹ̀wò itọ́ kan jáde. Obìnrin 200 ló kópa. Wọn kò wá àmì kan ṣoṣo: wọ́n ka ẹyọ mikiro-ARN 109 pọ̀, èyí tó jẹ́ èérún kéékèèké tó ń darí iṣẹ́ jíìnì, wọ́n sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá bí gbogbo wọn ṣe tò. Èsì náà dára gan-an. Ní oṣù kìíní 2024, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìtọ́jú wò ní Faransé, HAS, sọ pé àyẹ̀wò náà ní ìrètí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tuntun ṣì pọn dandan. Ohun tó yẹ kí a rántí ni pé oríṣi (a) ni àyẹ̀wò itọ́ yìí. Ó ń sọ bóyá àrùn wà. Kò sọ ibi tó ń lọ.

Ibí yìí ni àmì ohùn ti di ọ̀rọ̀ ìlera. Itọ́ ni omi ẹnu. Ìtọ̀ ni èyí tí a ń tọ̀. Lẹ́tà kan náà ló kọ wọ́n. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ìwé ìléwọ́ tí wọ́n tẹ̀ láìsí àmì ohùn kò lè sọ fún obìnrin èwo ni kó gbé wá. Àwọn tó ń sọ pé àmì ohùn jẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé ìwé lásán yẹ kí wọ́n gbé àpẹẹrẹ yìí yẹ̀ wò.

Kókó kan ṣì kù lórí oríṣi (a). Ẹ jẹ́ ká mú àyẹ̀wò kan tí a kàn rò, tó ń mú obìnrin 90 nínú 100 tó ní àrùn, tó sì ń dá 90 nínú 100 tí kò ní in láre. Ká ní a lò ó fún obìnrin 1 000 láàárín ìlú, tí 100 nínú wọn ní àrùn. Yóò mú 90 nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú 900 tó kù, yóò mú 90 láìjẹ̀bi. Àwọn 180 yóò gbọ́ pé àmì wà, ìdajì wọn kò sì ní àrùn rárá. Ẹ gbé àyẹ̀wò kan náà lọ sí ilé ìwòsàn tí 600 nínú 1 000 tó wá ti ní àrùn. Yóò mú 540 tó ní in, yóò sì mú 40 láìjẹ̀bi. Àmì kan náà, ìtumọ̀ méjì, nítorí ibi tí a ti sọ ọ́. Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀ gbólóhùn nínú àyíká rẹ̀ kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

5. Ohun tí a mọ̀ nípa ìrìn àrùn

Ìṣòro àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ stade, tí a sábà máa ń túmọ̀ sí ipele. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìbímọ ti Amẹ́ríkà pín ẹndomẹtiríósì sí ipele mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ohun tí dókítà rí nígbà iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ipele kejì yóò rò pé ẹ̀kẹta ń bọ̀, bí ẹni tó ń gun àkàbà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwádìí kéékèèké tí wọ́n ti fún obìnrin ní oògùn tí kò ní agbára, tí wọ́n sì tún wo inú wọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àrùn náà pọ̀ sí i lára àwọn kan, ó dín kù lára àwọn mìíràn, kò sì yí padà lára àwọn tó kù. Yàtọ̀ sí èyí, ipele kò bá ìrora dọ́gba: obìnrin ipele kìíní lè máa jẹ̀rora ju obìnrin ipele kẹrin lọ. Nítorí náà, ipele ń sọ ohun tí ojú rí lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe ìṣísẹ̀ ìrìn àjò.

Irinṣẹ́ tó ń sọ nípa ọjọ́ iwájú, tí wọ́n sì ti dán wò níbi púpọ̀, kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. EFI ni orúkọ rẹ̀, G. David Adamson àti David Pasta ló gbé e jáde ní 2010. Ó jẹ́ máàkì láti 0 dé 10. Ohun tí a fi ń ṣírò rẹ̀ ni ọjọ́ orí obìnrin náà, iye ọdún tó ti ń wá ọmọ, bóyá ó ti lóyún rí, àti bí àwọn ẹ̀yà ara ìbímọ rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó ń fojú díwọ̀n bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ó lóyún láìlo ọ̀nà FIV. Kò sọ nǹkan kan nípa ìrora.

Ní ti pípadà àrùn, àkójọ ìwádìí tí Sun-Wei Guo ṣe ní 2009 fojú díwọ̀n pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ń padà lára nǹkan bí 21,5 % láàárín ọdún méjì, àti 40 sí 50 % láàárín ọdún márùn-ún. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá ni àmì tí yóò ya ìdajì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìdajì kejì. A kò tíì rí i.

Àwọn ọ̀nà mélòó kan wà tí wọ́n ń tọ̀. Họ́mọ̀nù AMH ń sọ bí ẹyin tó kù ṣe pọ̀ tó, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ṣe sí ibi tí ẹyin ń gbé. Ó wúlò kí obìnrin tó gbà láti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ló ń kà, kì í ṣe àrùn. Ní 2018, Valerie Flores, Hugh Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé àwọn obìnrin tí ẹran ara àrùn wọn ní ibi ìgbàlejò progẹ́stẹ́rọ́ọ̀nù púpọ̀ ni oògùn onírú họ́mọ̀nù yẹn ràn lọ́wọ́ jù. Èyí jẹ́ oríṣi (d), ó sì ń fúnni ní ìrètí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, a sì gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ká tó rí ẹran ara náà wọ̀n. Ní 2017, ìwádìí mìíràn rí àyípadà jíìnì, bí i ti KRAS, nínú ẹndomẹtiríósì tó wọ inú jìn lára obìnrin tí kò ní jẹjẹrẹ. Faransé sọ pé irú àyípadà bẹ́ẹ̀ jẹ́ associée au cancer. Ògbufọ̀ tó bá kánjú tó pè é ní àmì jẹjẹrẹ ti fi ọ̀rọ̀ méjì péré dá ẹ̀rù sílẹ̀ tí dókítà kò ní lè ká kúrò nílẹ̀.

6. Bí a ṣe lè sọ ọ́

Mo dábàá pé kí a fi àmì inú ara sílẹ̀ fún gbogbo oríṣi lápapọ̀, kí a sì fi orúkọ mẹ́ta yà wọ́n: àmì afàrùnhàn fún oríṣi (a), atọ́ka ìrìn àrùn fún (b), atọ́ka ìṣiṣẹ́ oògùn fún (d). Mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún àsọtẹ́lẹ̀, tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́ ti wòlíì. Ohun tí a bá sọ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ, bí kò bá ṣẹ, ẹni tó sọ ọ́ ló parọ́. Títọ́ka kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tọ́ka ọ̀nà fún àlejò kò ṣèlérí pé àlejò yóò dé.

Orúkọ nìkan kò tó. Gírámà gbólóhùn náà ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo gbólóhùn Faransé yìí: Le taux de récidive est de 40 à 50 % à cinq ans. Ìtumọ̀ tó yá jù ni:

(1) Àrùn yìí máa ń padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

«Máa ń» sọ ọ́ di ìṣe àrùn náà, bí ẹni pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ku ẹni tí yóò yọ. Bákan náà ni «kì í». Tí Faransé bá sọ pé àwọn obìnrin tí EFI wọn kéré kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní oyún tó àwọn yòókù, tí a wá kọ ọ́ pé «obìnrin tí máàkì rẹ̀ kéré kì í lóyún», a ti sọ ìṣirò di òfin. Ohun tí mo rò pé ó sàn nìyí:

(2) Tí a bá tẹ̀lé obìnrin mẹ́wàá fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àrùn náà ń padà lára mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn. A kò tíì lè mọ ẹni tí yóò jẹ́.

Gbólóhùn (2) gùn, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun mẹ́ta tí (1) kò ṣe. Ó ka ènìyàn dípò kó dárúkọ ìdá. Ó jẹ́ kí àwọn tí àrùn kò padà sí lára hàn. Ó sì ya ohun tí a mọ̀ nípa ẹgbẹ́ kúrò lára ohun tí a kò mọ̀ nípa ẹnì kan. Tí a bá ń bá aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, pàápàá àgbà, a lè fi kún un pé: «Ìyá, àyẹ̀wò yìí sọ pé àrùn náà wà. Kò sọ bí yóò ṣe rí fún yín lọ́la.»

Ọ̀rọ̀ kan tó kù ni positif. Èsì tó jẹ́ positif kì í ṣe èsì tó dára. «Wọ́n rí i» àti «wọn kò rí i» ti tó.

7. Ìparí

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ló ni iṣẹ́ wíwá atọ́ka ìrìn àrùn, ó sì lè pẹ́ kí ọwọ́ wọn tó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tiwa kò nílò ẹ̀rọ. Ó nílò kí ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ohun tó wà lónìí má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń sọ ohun tó lè wà lọ́la. Ọmọbìnrin tí wọ́n sọ fún pé wọ́n rí àmì lára rẹ̀ lè kọ ọkọ sílẹ̀, ó lè fi ilé ìwé sílẹ̀ láti tètè bímọ, ó sì lè gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan, gbogbo rẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ ọjọ́ ọ̀la nínú ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa òní. Mo rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó ọ̀rọ̀ ìlera jọ ní àdúgbò wọn pé kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ àrùn nìkan sílẹ̀. Kí wọ́n kọ gbólóhùn tí àwọn ènìyàn fi ń sọ ibi tí àrùn ń lọ pẹ̀lú, pẹ̀lú «máa ń», «kì í», «yóò» àti «lè» tó wà nínú rẹ̀.